Àmáánà Tó Wà Lọ́rùn Ọ̀gá: Ta Ló Ń Kọ́ Àwọn Tó Ń Bá Wa Ṣiṣẹ́?

 

Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, tí wọ́n sì tú náírà sílẹ̀ ní oṣù tó tẹ̀ lé e kí ọjà fúnra rẹ̀ máa sọ iye tí yóò jẹ́, kò sí oníṣẹ́ tí kò mọ̀ ọ́n lára. Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà ni GlaxoSmithKline sọ pé àwọn ń palẹ̀ mọ́. Nígbà tó di oṣù Kejìlá, Procter & Gamble náà ní àwọn kò ní máa ṣe ọjà nílẹ̀ wa mọ́, pé láti òkè òkun ni àwọn yóò ti máa kó o wọlé. Bí àwọn ńlá bá ń sọ báyìí, kí ni kí ìyá aláṣọ ní ọjà Gbági sọ? Kí ni kí oníbúrẹ́dì Òṣogbo, télọ̀ Ìlọrin àti mẹkáníìkì Muṣin sọ?

Ọ̀pọ̀ ìtúpalẹ̀ ló ti jáde lórí dọ́là, lórí epo, lórí iná mànàmáná. A kò fẹ́ tún ìyẹn sọ. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò ni èyí tí a kì í sábà mẹ́nu bà: àwọn ènìyàn tó wà nínú ilé iṣẹ́ náà. Nígbà tí owó bá ṣọ̀wọ́n, ìmọ̀, ọgbọ́n ọwọ́ àti ìfọkàntán àwọn tó ń bá ọ̀gá ṣiṣẹ́ ló kù tó lè gbé e ró. Bí kò bá kọ́ wọn nígbà tí nǹkan ṣì rọrùn, ta ni yóò bá a gbé ẹrù nígbà tó wúwo?

Ìwádìí ọdún 2021 ti àjọ SMEDAN àti àjọ NBS fi hàn pé ilé iṣẹ́ kéékèèké àti alábọ́ọ́dé ní Nàìjíríà lé ní mílíọ̀nù 39. Nínú ọgọ́rùn-ún wọn, ó lé ní 96 tó jẹ́ pé òṣìṣẹ́ wọn kò tó mẹ́wàá. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ aṣáájú nínú òwò kì í ṣe ti àwọn tó wọ kóòtù sínú ọ́fíìsì gíga ní Victoria Island nìkan. Ẹni tó ní ọmọṣẹ́ méjì nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré, aṣáájú ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

Ibi tí òfin dé, ibi tí àmáánà ti bẹ̀rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo òfin ìlú. Ní ọjọ́ 29 oṣù Keje ọdún 2024, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú buwọ́ lu òfin tó sọ owó oṣù tó kéré jù lọ di 70,000 náírà, pẹ̀lú àdéhùn pé wọn yóò máa tún un yẹ̀ wò ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta. Ṣùgbọ́n òfin náà kò de ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 ní kí ọ̀gá máa dá ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù òṣìṣẹ́, kí òṣìṣẹ́ náà dá 8, kí wọ́n jọ máa fi pamọ́ de ọjọ́ alẹ́ rẹ̀. Ní ti ilé iṣẹ́ aládàáni, ó di ibi tí òṣìṣẹ́ bá pé 15 kí ìyẹn tó di dandan.

Òfin kẹta ni ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ pé ó wà. Láti ọdún 1971 ni ìjọba ti dá àjọ ITF sílẹ̀ kí ó máa rí sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn òṣìṣẹ́. Bí òfin rẹ̀ ti wà lẹ́yìn àtúnṣe ọdún 2011, ilé iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ márùn-ún, tàbí tí òwò rẹ̀ tó mílíọ̀nù 50 náírà lọ́dún bí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tilẹ̀ tó márùn-ún, yóò máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó tó ń san fún òṣìṣẹ́ lọ́dún. Ilé iṣẹ́ tó bá fi hàn pé lóòótọ́ ni òun kọ́ àwọn ènìyàn òun níṣẹ́ lè gbà tó ìdajì owó náà padà. Mélòó nínú àwọn oníṣòwò tí à ń bá kírun ní mọ́sálásí ló ti bèèrè nípa rẹ̀ rí?

Òfin kan bẹ̀rẹ̀ láti orí 25, òmíràn láti orí 15, òmíràn láti orí 5. Àwọ̀n òfin, ojú rẹ̀ fẹ̀. Ẹja kéékèèké a máa yọ́ gba inú rẹ̀ kọjá. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn tó ń kọ́ṣẹ́, tó ń bá ni tajà, tó ń báni gbé ẹrù nílẹ̀ yìí ló wà nínú àwọn ẹja kéékèèké wọ̀nyẹn, tí òfin kò ká mọ́.

Lọ́dọ̀ Ọlọ́hun, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọ̀là Ọlọ́hun máa bá a) ti kọ́ wa pé darandaran ni olúkúlùkù wa, àti pé a ó bi kálukú nípa agbo rẹ̀. Kò sọ pé ó di ìgbà tí agbo bá pé ẹran 25 kí ìbéèrè tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọṣẹ́ kan ṣoṣo, tí ìyá rẹ̀ fà lé wa lọ́wọ́ pé kí á bá òun kọ́ ọ kó di ènìyàn, àmáánà pípé ni. Ojú tó yẹ kí Mùsùlùmí oníṣòwò fi wo ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn.

Sẹ́mínà pọ̀, ẹ̀kọ́ kò tó

Ní Èkó, Ìbàdàn àti Abuja, iṣẹ́ kan ti gbòde: iṣẹ́ àwọn kóòṣì, ìyẹn àwọn tó ń tọ́ àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ sọ́nà lórí bí a ṣe ń darí ènìyàn. A kò bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Iṣẹ́ gidi ni lọ́wọ́ ẹni tó bá mọ̀ ọ́n. Lára àwọn tó sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé mọ̀ ni John Whitmore, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ti fi ìgbà kan jẹ́ awakọ̀ eré ìje, tí ìwé rẹ̀ lórí rẹ̀ jáde ní ọdún 1992. Kókó ohun tó ń kọ́ àwọn ọ̀gá ni pé kí wọ́n dín àṣẹ kù, kí wọ́n fi ìbéèrè kún un. Kí lo fẹ́ ṣe yọrí? Ibo lo bá a dé báyìí? Ọ̀nà wo ló wà níwájú rẹ? Èwo nínú rẹ̀ lo máa ṣe? Ẹni tí a bá bi ní irú ìbéèrè yìí yóò ronú. Ẹni tí a kàn ń pàṣẹ fún yóò máa dúró de àṣẹ mìíràn ni.

Ohun tó ń kọ wá lóminú ni ibi tí ọ̀pọ̀ nínú wa sọ ọ́ dà. A gba gbọ̀ngàn ní hòtẹ́ẹ̀lì, a pín bírò àti ìwé, a ya fọ́tò, a gba sáfíkéètì. Nígbà tó bá di ọjọ́ Ajé, ọ̀gá padà sí ibi tó wà: ariwo ló fi ń pe ènìyàn, kọ́kọ́rọ́ gbogbo yàrá wà lápò rẹ̀, kò sí ẹni tó mọ iye tí òwò náà ń jẹ lérè àfi òun nìkan. Bó bá ṣàìsàn fún ọ̀sẹ̀ kan, ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù yóò wà ní títì.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tí yóò yá ni lẹ́wù, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Kí Mùsùlùmí tó san owó fún kóòṣì, kí ó bèèrè ohun mẹ́ta. Ǹjẹ́ ẹni náà ti darí ènìyàn rí, tàbí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni? Ǹjẹ́ àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ń gba owó wọn lásìkò? Ṣé bí ọ̀gá yóò ṣe tètè là ló ń kọ́ni ni, àbí bí yóò ṣe ṣe déédéé? Èyí tó bá ń ṣèlérí ọrọ̀ òjijì, tó ń pe ìwọra ní ìran rere, kì í ṣe olùtọ́nisọ́nà. Ọjà tirẹ̀ ló ń tà.

Bí Ànábì ṣe sọ ọmọdé di àgbà

A kò nílò láti wá àpẹẹrẹ lọ jìnnà. Ummu Sulaym fa ọmọ rẹ̀, Anas ọmọ Mālik, lé Ànábì lọ́wọ́ nígbà tí ọmọ náà wà ní bíi ọdún mẹ́wàá, kí ó máa ṣe ìránṣẹ́ fún un. Nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ló fi wà níbẹ̀. Nígbà tí Anas dàgbà, ó jẹ́rìí sí i pé ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, Ànábì kò pòṣé sí òun lẹ́ẹ̀kan, kò sì bá òun jà lórí ohun tí òun ṣe tàbí tí òun kò ṣe. Ẹ gbé èyí sí ẹ̀gbẹ́ ohun tí ọmọṣẹ́ ń gbọ́ lẹ́nu ọ̀gá láàárín wákàtí kan nínú ọjà wa. Anas kò sì parí sí ìránṣẹ́. Ó wà lára àwọn tí hadiisi pọ̀ lẹ́nu wọn jù lọ. Ẹni tó gbé omi àlùwàlá lánàá ni àwọn onímọ̀ ń rin ìrìn àjò lọ bá lẹ́yìn náà.

Ẹ tún wo bí Ànábì ṣe ń dán òye àwọn sàhábà wò. Lọ́jọ́ kan, ó bi wọ́n léèrè pé igi wo ló jọ Mùsùlùmí, tí ewé rẹ̀ kì í rẹ̀. Àwọn àgbà ń dárúkọ igi inú aṣálẹ̀. Abdullāh, ọmọ Umar, tó kéré láàárín wọn, mọ̀ nínú ọkàn rẹ̀ pé ọ̀pẹ dàbínù ni, ṣùgbọ́n ojú tì í láti sọ̀rọ̀ níwájú àgbà. Nígbà tó sọ fún bàbá rẹ̀ lẹ́yìn náà, Umar kò ní ó káre tó o pa ẹnu mọ́. Ó ní ìbá wu òun jọjọ kí ọmọ òun ti sọ ọ́ jáde. Nínú àṣà wa, a fẹ́ràn ọmọ tó bọ̀wọ̀ fún àgbà, ohun rere sì ni. Ṣùgbọ́n mélòó ni ọgbọ́n tó lè gba òwò là tó ti kú sínú ọmọṣẹ́ nítorí pé ọ̀gá ti sọ pé ọmọdé kì í sọ̀rọ̀ níbi tí àgbà wà? Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Àwọn tó bí wa ti mọ èyí tipẹ́.

Ẹ̀kẹta ló wuwo jù. Nígbà tó kù díẹ̀ kí Ànábì fi ayé sílẹ̀, ó fi Usāmah ọmọ Zayd ṣe olórí ọmọ ogun. Ọmọ náà kò ju bíi ọdún 18 lọ. Àwọn kan kùn pé ọmọdé ni, àwọn àgbà sì wà nínú ogun náà. Ànábì kò yí i padà. Ó ní bí wọ́n ṣe kùn sí bàbá rẹ̀ náà nìyẹn, ó sì jẹ́rìí pé Usāmah tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí Ànábì kú, Abū Bakr di aṣáájú. Àwọn kan gbà á nímọ̀ràn pé kó dá ogun náà dúró, kò gbà. Òun fúnra rẹ̀ ló sin Usāmah sọ́nà: ọ̀dọ́mọkùnrin náà wà lórí ẹṣin, Abū Bakr ń fẹsẹ̀ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tó sì fẹ́ kí Umar dúró ti òun ní Mọdínà, kò pàṣẹ. Ó tọrọ ààyè lọ́wọ́ Usāmah, torí abẹ́ rẹ̀ ni Umar wà nínú ogun náà.

Ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ níbí. Abū Bakr ni olórí gbogbo Mùsùlùmí lọ́jọ́ náà. Ọ̀rọ̀ kan péré lẹ́nu rẹ̀ ti tó láti mú Umar kúrò. Ṣùgbọ́n bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, gbogbo ọmọ ogun yóò mọ̀ pé orúkọ lásán ni wọ́n fún Usāmah. Ẹni tó bá yan ènìyàn sípò, tó tún ń gba ẹ̀yìn rẹ̀ pàṣẹ fún àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀, kò tíì gbé iṣẹ́ náà lé e lọ́wọ́. Àwọn ọ̀gá wa ń ṣe èyí lójoojúmọ́: wọn a fi ènìyàn ṣe máníjà, wọn a sì máa pe àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ lórí fóònù láti yí ohun tó sọ padà. Lẹ́yìn náà, wọn a ní kò sí ẹni tó ṣe é fọkàn tán.

“Bí mo bá kọ́ ọ tán, yóò lọ”

Èyí ni àwáwí tó wọ́pọ̀ jù, a kò sì lè sọ pé òfo ni. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́ ló ti jápa lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Kánádà. Àwọn mìíràn kọ́ṣẹ́ tán, wọ́n sì ṣí ṣọ́ọ̀bù sí ìdojúkọ ti ọ̀gá wọn. Ó dùn ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wo òdìkejì rẹ̀: bí a kò bá kọ́ ọ, tó sì dúró ńkọ́? Ẹni tí kò mọṣẹ́ yóò máa ba iṣẹ́ jẹ́ lójú oníbàárà lọ́dọọdún, ọ̀gá náà kò sì ní lè gbé ẹsẹ̀ kúrò nídìí rẹ̀ títí tí yóò fi kú. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ilé òwò náà wà nínú òwe yìí. A ti rí òwò àwọn Alhaji tó gbajúmọ̀ ní ìgboro, tó fọ́n ká láàárín ọdún méjì tí bàbá kú, nítorí pé inú orí bàbá nìkan ni gbogbo rẹ̀ wà.

Nílẹ̀ Yorùbá, ọmọṣẹ́ ní ọjọ́ ìgbòmìnira. Àwọn ẹbí á pé, ọ̀gá á ṣàdúrà, á fún un ní ìwé ẹ̀rí, ìlú á jẹ́rìí. Àṣà tó dára ni, ó sì ti ń bàjẹ́ lọ́wọ́ wa. Àwọn ọ̀gá kan ń fi ọmọṣẹ́ fọ aṣọ, pọnmi, tọ́jú ọmọ, nígbà tó bá sì kan ibi tí ọgbọ́n iṣẹ́ gan-an wà, wọn a ní kó lọ ra nǹkan wá. Òmíràn á fi ọdún kún ọdún àdéhùn. Lẹ́yìn náà la ó máa ṣe kàyéfì pé àwọn ọ̀dọ́ kò fẹ́ kọ́ṣẹ́ mọ́, pé ọ̀kadà ni wọ́n sá lọ gùn, tàbí pé ìdí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń lu jìbìtì. Láàárín àwọn oníṣòwò Ígbò, àṣà wà pé bí ọmọ ọjà bá sìn ín tán, ọ̀gá yóò fún un ní owó tàbí ọjà tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Nítorí náà, ọmọ náà mọ̀ pé èrè ọ̀gá ni èrè òun. Ohun tó yẹ kí á wò níbẹ̀ ni pé, wọ́n ti fi lílọ ọmọ náà sínú ètò láti ìbẹ̀rẹ̀, kò di ọ̀tẹ̀.

Fún Mùsùlùmí, ọ̀rọ̀ náà tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìmọ̀ tó ń ṣe ènìyàn láǹfààní wà lára ohun tí lààdá rẹ̀ kì í dáwọ́ dúró lẹ́yìn ikú. Ọmọṣẹ́ tó lọ, tó sì ń fi ohun tí a kọ́ ọ jẹun halaali, kò bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ó ti wà nínú ìwé wa.

Owó ni wọ́n kà, ta ló ń ka ènìyàn?

Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, ilé ìfowópamọ́ àgbà, CBN, pàṣẹ kí gbogbo báńkì fi kún owó ìdókòwò wọn kí ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 2026 tó pé. Àwọn báńkì tí kò gba èlé, irú Jaiz tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2012 àti TAJBank tó bẹ̀rẹ̀ ní 2019, náà wà nínú rẹ̀: bílíọ̀nù 20 náírà fún èyí tó ń ṣiṣẹ́ káàkiri orílẹ̀-èdè, bílíọ̀nù 10 fún ti agbègbè. Inú wa dùn sí ìdàgbàsókè wọn. Ṣùgbọ́n owó nìkan kọ́ ló ń mú báńkì dúró. Ní oṣù Kìíní ọdún 2024 kan náà, CBN tú ìgbìmọ̀ olùdarí báńkì mẹ́ta ká, Union, Keystone àti Polaris. Lára ohun tí wọ́n kà sí wọn lọ́rùn ni àìtẹ̀lé ìlànà àti ìkùnà nínú ìṣàkóso. Ìwà àti ìmójútó aṣáájú ni wọ́n ń sọ níbẹ̀.

Nítorí náà, bí a ti ń gbé owó tuntun kalẹ̀, ó yẹ kí á bèèrè pé: àwọn ọ̀dọ́ mélòó ni à ń kọ́ ní ìṣirò owó àti òfin òwò Islam pọ̀? Àwọn tó mọ fíkíìhì kò mọ ìwé owó, àwọn tó mọ ìwé owó kò mọ fíkíìhì. Bí a kò bá so méjèèjì pọ̀, orúkọ Islam ni yóò wà lójú pátákó, ohun tó wà nínú ilé yóò yàtọ̀.

Ohun tó wà lọ́wọ́ wa

Àkọ́kọ́ ni owó iṣẹ́. Ànábì ti ní kí á san owó alágbàṣe kí òógùn rẹ̀ tó gbẹ. Ẹni tó jẹ òṣìṣẹ́ ní owó oṣù mẹ́ta, tó wá gbé e lọ síbi sẹ́mínà ìmọ́kànle, gbèsè ni kó kọ́kọ́ lọ san.

Èkejì, kí àdéhùn wà nínú ìwé, fún ọmọṣẹ́ àti òṣìṣẹ́ bákan náà: ọdún mélòó, iṣẹ́ wo ni yóò mọ̀ nígbà wo, kí ni ẹ̀tọ́ rẹ̀. Àlùkùránì tó pa á láṣẹ pé kí á kọ gbèsè sílẹ̀ kò ní bínú sí i pé a kọ àdéhùn iṣẹ́.

Ẹ̀kẹta, kí ọ̀gá yan ọ̀sẹ̀ kan nínú oṣù mẹ́ta tí yóò gbé kọ́kọ́rọ́ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, tí kò sì ní dá sí i. Ohun tó bá wó ní ọ̀sẹ̀ náà ni ohun tí kò tíì kọ́ wọn.

Ẹ̀kẹrin, àwọn Lẹ́mọ́mù wa. Kútúbà lórí sùúrù òṣìṣẹ́ ti pọ̀. Ẹ fi ti ojúṣe ọ̀gá kún un. Kí ẹgbẹ́ mọ́sálásí pe àwọn òṣìṣẹ́ ITF wá ṣàlàyé òfin wọn fún àwọn oníṣòwò lọ́jọ́ àṣàlátù, dípò kí á máa dúró de sẹ́mínà olówó gọbọi.

Òṣìṣẹ́ náà ní ojúṣe tirẹ̀. Nínú Suuratul-Qasas, nígbà tí ọmọbìnrin Madyan gba bàbá rẹ̀ níyànjú pé kó gba Ànábì Mūsā síṣẹ́, ohun méjì ló fi yìn ín: pé alágbára ni, pé ẹni tó ṣe é fọkàn tán sì ni. Ẹni tó ń jí ọjà ọ̀gá tà, tó sì ń ráhùn pé wọn kò kọ́ òun, ti gé ẹ̀ka tó jókòó lé.

Ìyè òwò wa nínú ọ̀wọ́n gógó yìí kò sí lọ́wọ́ ìjọba nìkan. Ohun tó wà lọ́wọ́ wa, tí dọ́là kò lè gbé lọ, ni ọmọ tó dúró níwájú wa lówùúrọ̀, tó ń retí kí á fi iṣẹ́ hàn án. Kí Ọlọ́hun fi alùbáríkà sí iṣẹ́ ọwọ́ wa, kí Ó jẹ́ kí á gbé àmáánà tó wà lọ́rùn wa dé ibi tó yẹ, kí Ó má ṣe jẹ́ kí àwọn tó wà lábẹ́ wa jẹ́ ẹlẹ́rìí takò wá lọ́jọ́ ìṣirò. Àmín.